Alága Tí Ọkọ Rẹ̀ Ń Gbẹnusọ Fún

Bí ẹ bá gba Akanran kọjá wọ abúlé wa, tí ẹ gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń bo ti gbogbo èèyàn mọ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ. Sàníù Láoyè ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Bàbá Obìnrin. Àwa ará ilé fi tiwa kún un: Ajàfẹ́tọ̀ọ́-obìnrin-má-jẹ̀ẹ́-kóbìnrin-fọhùn.

"Èmi ni fẹ́mínísì àkọ́kọ́ ní gbogbo Ọ̀nà-Ará!" Ó sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ó sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí títí Ààfáà fi ní kó jẹ́ káwọn kírun. "Gbogbo ayé ló ń rẹ́ obìnrin jẹ! Obìnrin ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin ń jẹ ẹ́! Àbí irọ́ ni mo pa?"

Kò purọ́. Ṣùgbọ́n bó bá délé, ẹsẹ̀ ló máa nà kalẹ̀ kí Mùjíbátù ìyàwó rẹ̀ wá bá a bọ́ bàtà. Ọ̀bẹ Sàníù mú títí, kò gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan láti Ìbàdàn wá ní àwọn fẹ́ fún àwọn obìnrin abúlé wa ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹ ò mọ oore tí ìyẹn jẹ́! Títí dé etí ọ̀nà títì ni wọ́n ń ru ẹ̀gẹ́ lọ kí wọ́n tó rí i lọ̀, ọrùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú àyà tán. Kíá ni wọ́n ti ro ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ náà lẹ́bàá odò, níbi tí gbogbo wọn ti jọ ń yan gaàrí. Àmọ́ òfin kan wà: obìnrin ni kó ṣe alága ẹgbẹ́ wọn, alága yìí ni yóò sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ẹ̀rọ máa wà.

Kí àwọn obìnrin tó pé sí ìpàdé, Sàníù ti fi Mùjíbátù jẹ alága.

"Ohun tí ìyàwó mi fẹ́ sọ ni pé," Sàníù ló ń wí, "ojúde tiwa ni kí ẹ̀rọ wà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ó yẹ kó jẹ́ àyà ẹnì kan pàtó."

"Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́," ni Ìyá Roheem, àgbà nínú wọn, wí.

"Ojú ń tì í. Èmi ni mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Mùjíbátù ń wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ẹ̀rọ náà bá wọ ojúde Sàníù, ó parí nìyẹn. Kò sí obìnrin tí yóò lọ ẹ̀gẹ́ tí kò ní kúnlẹ̀ fún ọkọ òun, tí kò tún ní sanwó lé e.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ẹ̀rọ dé, Sàníù pè é.

"Gbọ́ mi dáadáa. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi ẹ́, 'bẹ́ẹ̀ ni' ni kó o máa wí. O ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un."

"Ohunkóhun, Bàbá Rilwan?"

"Ohunkóhun! Àbí etí ẹ di ni?"

"Mo ti gbọ́, sà."

Ọjọ́ pé. Ọkọ̀ gbé ẹ̀rọ dé, gbogbo abúlé tú jáde. Kí Ìyáàfin Olúwabùkọ́lá, ọ̀gá àwọn àlejò, tó jókòó, Sàníù ti já gbohùngbohùn gbà.

"Níbi tí obìnrin ò bá ti lè sọ̀rọ̀, ayé ibẹ̀ ti bàjẹ́!"

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. "Ẹ ṣeun, sà," ni Olúwabùkọ́lá wí. "Ẹ jẹ́ ká wá gbọ́ ti alága."

"Ohun tí ìyàwó mi fẹ́ sọ ni pé..."

"Alága ni mo wí, sà."

Sàníù rẹ́rìn-ín, ó ṣẹ́jú sí ìyàwó rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Ìyá, a gbọ́ pé ojúde yín lẹ fẹ́ ká gbé ẹ̀rọ sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" ni Olúwabùkọ́lá bi Mùjíbátù.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé gbogbo obìnrin ló fọwọ́ sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Háà! Mùjíbátù!" Àwọn obìnrin káwọ́ lérí. Ẹ̀rín kò jẹ́ kí ẹnu Sàníù padé mọ́.

Olúwabùkọ́lá ti fẹ́ dìde, àmọ́ ó tún wo ojú alága. "Ìyá, àbí wọ́n kọ́ yín lóhun tẹ́ ẹ máa sọ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Sàníù wúkọ́.

"Ṣé ọkọ yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé wọ́n fẹ́ sọ ẹ̀rọ di tiwọn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mùjíbátù!" Sàníù fò sókè. "Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹ̀rín bú jáde. Ìyá Roheem di ẹ̀gbẹ́ mú, ó ní kí wọ́n gba òun. Orí Sàníù gbóná. "Pa ẹnu ẹ mọ́! Èmi ni mo ni ẹ́! Èmi ni mo ni ẹnu ẹ! Èmi ni mo ni ẹ̀rọ yẹn!"

Gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó wà lóko ẹ̀gẹ́ gbọ́ ọ ketekete.

Olúwabùkọ́lá gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi lé Mùjíbátù lọ́wọ́. "Mi ò ní bi yín ní nǹkan kan mọ́, Ìyá. Ẹ sọ ohun tó wà nínú yín."

Mùjíbátù gbé e sún mọ́ ẹnu. Kò sọ̀rọ̀ láwùjọ rí láyé rẹ̀.

"Ẹ gbé e lọ sẹ́bàá odò," ó ní. "Gbogbo wa la jọ ni ín."

Awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀. Àwọn obìnrin ti ń sáré níwájú, wọ́n ń hó yè. Sàníù nìkan ló dúró gbagidi lójú ọ̀nà, bó ṣe máa ń dúró lójú ọ̀nà gbogbo nǹkan.

"Ẹ bọ́ sẹ́yìn, Bàbá Rilwan," ni Mùjíbátù wí. "Ọkọ̀ fẹ́ kọjá."

Sàníù wòtún, ó wòsì, kò rí ẹni tí yóò bá a dá sí i. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó tún bọ́ sẹ́yìn sí i, títí ó fi bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tó wá wòran.