Ẹ Fọ Ilẹ̀ Kí N Tó Dé

Ìró òòlù ni akunlé kọ́kọ́ gbọ́ kó tó kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó wọlé, ó bá ìyá aránṣọ lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú, ihò kan sì là sílẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ó fẹ̀ tó ọpọ́n. Garawa ọ̀dà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ akunlé.

"Ìyá! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"O ò ní kí mi kú iṣẹ́?"

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo nìyí?"

"Iṣẹ́ tó o rán mi. Ìwọ lo ní kí n fọ́ ọ."

"Èmi?"

Ìyá aránṣọ nu ọwọ́, ó fa fóònù yọ, ó nà án sí i bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí nílé ẹjọ́. "Kà á."

Akunlé kà á. Ohun tó tẹ̀ lánàá náà ni: *E fo ile daadaa. Ki o gbe ki n to de.*

"Ẹ fọ ilẹ̀ ni, mà! Ẹ fọ̀ ọ́! Omi! Ọṣẹ! Búrọ́ọ̀ṣì!"

"Níbo lo ti rí omi níbẹ̀? Mo wò ó títí, àmì ohùn kan ò sí lórí ẹ̀."

"Fóònù mi ò ní àmì."

"Ẹnu ẹ ńkọ́? Òun náà ò ní?"

"Mo rò pé ẹ máa mọ̀ ni."

"Mo sì mọ̀! Mo kọ́kọ́ kà á pé kí n fọ́ ilé. Àyà mi já. Ilé onílé! Mo wá ronú. Mo ní rárá, ọmọ tó fẹ́ kun ilẹ̀ fún mi ò ní rán mi nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ló ní kí n fọ́. Làákàyè mi ló gba ilé yìí là, o ò tiẹ̀ dúpẹ́."

"Kí lẹ wá ka *ki o gbe* sí?"

"Kí ó gbé, kó sọnù. Ó kúkú ti gbé. Mo kó gbogbo àfọ́kù ẹ̀ dà sẹ́yìnkùlé. Kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́."

"Gbẹ ni, mà. Bí aṣọ ṣe ń gbẹ lórí okùn."

"Ilẹ̀ tí wọ́n ti fọ́, kí ló kù tó fẹ́ gbẹ?"

Akunlé jókòó lórí garawa rẹ̀. Ó di orí mú.

"Ọjọ́ wo làwọn aṣọ tí ẹ fẹ́ rán yẹn máa dé?"

"Ọjọ́ Ajé. Òní ti di Ọjọ́bọ̀. Yunifọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì, ogójì, funfun báláú. Ìwọ náà mọ eruku tí ilẹ̀ yìí ń tú. Èyí tí mo rán kẹ́yìn, ẹni tó ni ín béèrè pé ṣé aṣọ ni àbí àpò ìyẹ̀fun. Bí eruku bá kan ogójì yìí, wọ́n á kó o lọ fún ẹlòmíì, èmi náà á sì palẹ̀ máṣíìnì mọ́."

"Tí mo bá fi sìmẹ́ǹtì dí ihò yìí, ó di oṣù kan kó tó gba ọ̀dà. Sìmẹ́ǹtì tutù kì í gba ọ̀dà, mà. Á ṣí bí èèpo àlùbọ́sà."

"Oṣù kan! Kun ibi tó kù, kí n tẹ́ ẹní bo ihò náà."

"Kí nọ́ọ̀sì já sínú ẹ̀?"

"Nọ́ọ̀sì ni. Á tọ́jú ara ẹ̀."

Akunlé ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá kán omi díẹ̀ sí ibi tí kò tíì fọ́. Omi náà wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ó ń mu," ó ní.

"Kí ló ń mu?"

"Ilẹ̀ ni. Èyí tí kì í mu, kò ṣe é kùn."

"Irọ́ ni. Èyí tó ń mu gan-an ló yẹ ká kùn sí. Mo ti fẹ́ ọ̀mùtí rí. Ọdún méjìlá ni mo fi kùn."

"Kíkun ọ̀dà ni mò ń wí, mà."

"Ọ̀dá náà pọ̀ nílé wa nígbà yẹn."

Akunlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti fi ìṣó ha ilẹ̀, ilẹ̀ náà ń rún bí àkàrà tó gbó. Ó fi orí ìṣó náà kàn án lẹ́bàá ògiri: *bò*. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì: *bò*. Lẹ́nu ọ̀nà: *bò*. Ó wá na ọwọ́ sínú ihò, ó kan ìsàlẹ̀ rẹ̀: *kán!*

Ó tún un kàn. *Kán!*

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sápò, ó fa fóònù yọ, ó tẹ orúkọ kan. Ó dúró. Ó pa á.

"Ta lo fẹ́ pè?"

"Ọ̀gá mi."

"Pè é, jàre. Ó lè mọ ọ̀nà àbáyọ."

"Kò sẹ́ni tó máa gbé e, mà. Oṣù tó kọjá la sin ín. Ọwọ́ mi ni ò tíì mọ̀."

Òòlù rọ̀ lọ́wọ́ ìyá aránṣọ. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Tó bá wà ńbí, kí ni ì bá wí?"

"Ì bá ní kí n panu dé, kí n gbọ́ ohun tílẹ̀ ń sọ."

"Kí ni ilẹ̀ sọ?"

Akunlé họ orí. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún un láti gbé jáde.

"Ó ní ẹ̀yin lẹ jàre."

"Tún un wí."

"Sìmẹ́ǹtì tó wà lókè yìí ti jẹrà, mà. Ó ti ṣí kúrò lára ìsàlẹ̀, òun ló ń tú eruku. Ká ní mo kùn ún bẹ́ẹ̀, tọ̀dà-teruku ni ì bá jọ ṣí. Ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ gidi wà, ó ti gbó, ó le. Bí òkè bá kúrò lónìí, tí a fọ ìsàlẹ̀ mọ́, á gbẹ lọ́la, màá kùn ún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Ajé, ẹ gba aṣọ yín."

"Èyí ni pé mo kà á dáadáa."

"Ẹ ò kà á dáadáa, mà. Ẹ kàn ṣe é dáadáa ni."

Ó na ọwọ́ láti gba òòlù. Ìyá aránṣọ gbé e pamọ́ sẹ́yìn.

"Láti àárọ̀ ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi. Lọ pọn omi. Èmi ni mò ń fọ́ ọ, ìwọ máa fọ̀ ọ́ bọ̀ lẹ́yìn mi."