Àga Tí Tíṣà Àgbà Ń Rà fún Ìyá Wọn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni Tíṣà Àgbà ti ń sùn sórí àga tìmùtìmù ní pálọ̀. Ó ní atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ló tu òun lára ju tòkè lọ. Irọ́ ni. Orúnkún òsì ni kò gbà kó gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ òkè ni ibùsùn rẹ̀ wà, òkè náà ni ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ogójì ọdún ní kí ọmọ iléèwé nàró, ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti sọ pé òun alára ò lè nàró. Ló bá ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ tó máa ń de àga oníná tó ń gbé èèyàn gòkè mọ́ àtẹ̀gùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó yọ téèpù.

"Bàbá, ta ló máa lo àga yìí?"

"Ìyá wọn ni. Orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹsẹ̀ wo ni, sà?"

"Òsì. Tílẹ̀ bá ti mọ́, á gan bí igi. Tí mo bá fẹ́ dìde..." Bàbá wúkọ́. "Tí ó bá fẹ́ dìde, àfi kó di ògiri mú."

Oníṣẹ́ wo ọwọ́ bàbá lára ògiri. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kì í wo ojú àgbà sọ pé ó purọ́. Ó kọ "òsì" sínú ìwé.

Lókè, ẹsẹ̀ dún gìrìgìrì láti yàrá kan bọ́ sí èkejì.

"Ta ló ń sáré lókè yẹn?"

"Ìyá wọn náà ni."

"Pẹ̀lú orúnkún yẹn, sà?"

"Ìrora ló ń lé e kiri. Ẹni tí ara ń ro kì í lè jókòó sójú kan."

"Òótọ́ ni. Ẹ bá mi pè wọ́n, mo fẹ́ wọn itan wọn."

"O fẹ́ ṣe kí ni?"

"Itan, sà, láti ìdí dé orúnkún. Àtẹ̀gùn yín kò ní kọ́nà, irin kan ṣoṣo ló máa tọ́ lọ tààrà, ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n tí itan bá gùn jù, orúnkún á máa gbá ògiri òdìkejì."

"Ìwọ ọmọ àná yìí, o fẹ́ wá wọn itan ìyàwó mi nínú ilé mi?"

"Iṣẹ́ ni, sà."

"Wọn tèmi. Ọgbọọgba ni wá."

Bàbá jókòó, ó na itan. Oníṣẹ́ wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n.

"Kílò mélòó ni wọ́n wọ̀n?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́rin."

"Màmá tó ṣílẹ̀kùn fún mi lẹ́ẹ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, sà."

"Aṣọ ló fi ń bò ó."

Oníṣẹ́ kọ ọ́. "Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan, wọ́n á jókòó dáadáa. Èkejì, wọ́n á fẹ̀yìn tì í lórí ìdúró, ti ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò ká rárá ni."

"Ti ìjókòó. Kò tíì burú dé ibi ìdúró yẹn."

"Apá wo ni ká fi bọ́tìnnì sí?"

"Ọ̀tún. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé."

"Tí ẹ̀yin fi ń kọ̀wé?"

"Ṣé ẹsẹ̀ lòun fi ń kọ ọ́ ni?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, oníṣẹ́ gbé irin dé. Ara àtẹ̀gùn ló dè é mọ́, kò kan ògiri rárá. Bàbá gbé àga kan jókòó tì í, ó ń ka gbogbo ìṣó bó ṣe ń wọlé. Kó tó di ọ̀sán, àga ti wà lórí irin rẹ̀, ó ń dán.

"Ó ti parí, sà. Ó ku kí màmá gùn ún lójú mi. Bí ẹni tó ni ín kò bá gùn ún, n ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Bá a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

"Ó ti lọ sọ́jà."

"Ta ló fi mọ́tò gbé wọn lọ?"

"Ó fẹsẹ̀ rìn."

Oníṣẹ́ rọra gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n fi orúnkún yẹn rìn lọ sọ́jà?"

"Dókítà ló ní kó máa rìn."

"Kò burú. Màá mú kọ́kọ́rọ́ àga dání, ká tún pàdé lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀."

Bàbá bojú wo pálọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan sí i lórí àga tìmùtìmù tó ti ká a lọ́rùn kò. Ó ti sú u. Àárò yàrá rẹ̀ ń sọ ọ́, àárò ìyàwó rẹ̀ tó máa ń ròyìn ọjọ́ títí oorun á fi gbé e lọ sì ń sọ ọ́ ju ti yàrá lọ.

"Ṣé èèyàn lè bá a gùn ún?"

"Bíi ta ni, sà?"

"Èmi náà ńkọ́? Mo ti yá a ní itan. Kí ló kù tí n ò fi ní yá a ní ìdí?"

Oníṣẹ́ kọjú sí ògiri, ó rẹ́rìn-ín tán kó tó yíjú padà. "Ẹ jókòó, sà. Ẹ de bẹ́líìtì."

Bàbá tẹ bọ́tìnnì. Àga gbéra jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Orúnkún kò gbá nǹkan kan.

"Ṣé kò yára jù fún màmá?"

"Ó ń falẹ̀."

"Ṣé ara tù yín? Ara tu màmá ni mo fẹ́ sọ."

Bàbá fẹ̀yìn ti àga. Ó dé òkè, àga yí i síhà yàrá, ó tú bẹ́líìtì, ó di ògiri mú wọlé. Lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀dì dún nínú yàrá. Oníṣẹ́ ké láti ìsàlẹ̀.

"Bàbá, ṣé kò sí ìṣòro?"

"Kò sí. O káre. Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí o máa lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí mo fi sára ògiri lókè yẹn, kí àga lè padà sísàlẹ̀ kí màmá tó ti ọjà dé."

Oorun ti wà nínú ohùn tó dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ṣé kò lẹ́sẹ̀ ni?"