Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tó Kọ̀ Tí Kò Wí Tẹnu Rẹ̀

"Ẹ gbé ẹ̀rọ mi fún mi! Bí mo bá jalè, ẹ tì mí mọ́lé. Ẹ̀rọ ìránṣọ ò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi fo ògiri!"

Ohùn Ìyá Aránṣọ ló kọ́kọ́ wọ ààfin lánàá kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Olórí Ẹ̀ṣọ́ ti gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀rọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aṣọ iléèwé ọmọ mọ́kànlá wà nílẹ̀ tí kò tíì lápá.

"Kí ni ẹ̀rọ ṣe?" Baálẹ̀ béèrè.

"Kí ẹ̀mí yín gùn, Baálẹ̀," ni Olórí Ẹ̀ṣọ́ wí. "Adìyẹ mẹ́ta la bá nínú àpò ṣòkòtò olè. Ẹ̀rọ Ìyá yìí ló rán àpò náà."

"Káfíńtà ni olè náà pe ara rẹ̀ fún mi! Ó ní òòlù lòun fẹ́ máa kó síbẹ̀. Ṣé kí n bi í bóyá òòlù rẹ̀ ń kọ bí àkùkọ ni?"

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀. A ò fẹ̀sùn kàn yín. Ẹ̀rọ la fẹ̀sùn kàn. Òfin ní ohun tó bá bá olè ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa ni yóò wà títí yóò fi wí tẹnu rẹ̀. Mo ti bi í títí, kò fọhùn. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ kì í dákẹ́."

"Ẹnu wo ló fẹ́ fi fọhùn?" Ìyá Aránṣọ béèrè.

"Ìyẹn ò kàn mí."

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tó ti ń tòògbé lajú. "Bóyá ojú ń tì í ni."

Wọ́n pe Onígbàjámọ̀, ẹlẹ́rìí Olórí Ẹ̀ṣọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí ti Ìyá Aránṣọ, ilé rẹ̀ sì kángun sí ti Olórí Ẹ̀ṣọ́.

"Mo gbọ́ ẹ̀rọ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ olè. Ó ń kùn bí ẹni ń gbèrò ibi."

"Irọ́ o!" Ìyàwó rẹ̀ ló dìde yẹn. "Bàbá ọmọ mi, oorun lò ń sùn! Oníbàárà gbé ìlàjì irun lọ sílé lọ́jọ́ náà!"

"Etí mi kì í purọ́! Mo mọ ohùn ẹ̀rọ náà dáadáa. Títí di àná, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ."

Baálẹ̀ gbórí sókè. "Ẹ̀rọ tó wà ní àtìmọ́lé? Níbo?"

"Ní… ní pálọ̀ Olórí Ẹ̀ṣọ́."

Olórí Ẹ̀ṣọ́ sáré dìde.

"Baálẹ̀, mò ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ni. Ìyàwó mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀."

Ṣòkòtò tuntun tó wà nídìí Olórí Ẹ̀ṣọ́ ni Ìyá Aránṣọ tẹjú mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ orúnkún ọkùnrin náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rọ mi ní àléébù kan. Bó bá gún aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, á fo ìkeje. Ọwọ́ ni mo fi ń dí i. Ẹ̀yin àgbà, ẹ wá bá mi ka ti ṣòkòtò yìí. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà…"

"Ihò!" gbogbo ìgbìmọ̀ pariwo.

Baálẹ̀ fọ̀pá lulẹ̀. "Ẹ̀rọ ti wí tẹnu rẹ̀. Ìyá Aránṣọ, lọ gbé e. Olórí Ẹ̀ṣọ́, ohun tó bá bá olè ṣiṣẹ́ ńkọ́? A gbẹ́sẹ̀ lé ṣòkòtò yìí."

"Níwájú gbogbo ayé? Baálẹ̀, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́!"

"Ìwọ kọ́ la fẹ̀sùn kàn. Ṣòkòtò ni. Bọ́ ọ, kó wá rojọ́ ara rẹ̀."