Ilé Látúndé Tí Kò Ní Igun

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni tó bá kọ́lé tí kò ní igun, ilé adìyẹ ni yóò ti fọmọ fọ́kọ"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń mi orí bí ẹni tó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré ni. Ẹ fara balẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Ìgbájọ tó ń jẹ́ Látúndé. Páànù ìbolé ló ń tà, ó sì ń rí jẹ nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ló rí ilé kan lórí fóònù rẹ̀, ilé rìbìtì bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tí wọ́n fi irin onígun mẹ́ta kéékèèké so pọ̀ láti ilẹ̀ dé òkè. Kò ní òrùlé lọ́tọ̀, kò ní ògiri lọ́tọ̀. Wọ́n ní ìjì ò lè gbé e. Wọ́n ní àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ló ń gbé inú rẹ̀. Látúndé wo ilé onígun mẹ́rin tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, àánú bàbá náà ṣe é. Ẹ ò rí i, àwọn baba ńlá wa ò lajú. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń kọ́ ilé tí kọ́bọ́ọ̀dù lè fara ti ògiri rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó là wọ́n lójú. Bí ẹni tó ń ta páànù ṣe lọ kọ́ ilé tí kò nílò páànù nìyẹn.

Nígbà tí ilé parí, olórí ẹbí wọn, Bàbá Oyèdìran, wá wò ó. Ó fi ọ̀pá rìn yí inú rẹ̀ ká, ó tún rìn yí i ká.

"Látúndé, igun dà?"

"Bàbá, kò ní igun ni. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn."

"Bí àlejò bá wá wà nílẹ̀, níbo lo máa fa ìyàwó rẹ sí láti bi í bóyá ẹran ṣì kù nínú ìkòkò?"

Látúndé rẹ́rìn-ín. Àgbà ò mọ nǹkan ìgbàlódé.

Wọ́n kó wọlé. Kọ́bọ́ọ̀dù ò rí ògiri fara tì, ó dúró láàárín ilé bí ọlọ́pàá ojú títì. Fọ́tò bàbá Látúndé tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ò lè lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí ògiri náà tẹ̀ síwájú. Bí wọ́n bá ti ń jẹun, bàbá tó ti kú látọjọ́ yìí á máa yọjú wo abọ́ ọbẹ̀ wọn. Látúndé ní bàbá ń ṣọ́ wọn ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Látúndé jókòó lẹ́bàá ògiri, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́bàá ògiri lódìkejì lọ́hùn-ún, ó ń ṣa ẹ̀wà. Àfi bí ó ṣe gbọ́ ọ létí gan-an, bí ìgbà téèyàn gbé àgbọ̀n lé e léjìká: "Ọkùnrin yìí á ṣe mí bí ọṣẹ ṣe ń ṣe ojú nínú ilé yìí." Ó fò dìde. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ṣa ẹ̀wà, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Ìgbà náà ló yé Látúndé: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nítòsí ògiri ilé náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún á gun ògiri lọ sókè, á sọ̀ kalẹ̀ sétí ẹni tó wà lódìkejì. Ẹni tó bá jókòó sí àárín ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ẹlòmíì á pe birikìlà. Látúndé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó panu mọ́. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

Ṣé ẹ rí i, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Mojírádé, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń bọ̀ lọ́nà. Ọmọ náà ti sọ ọ́ létí gbogbo ayé pé bí kì í bá ṣe Ṣọjí, òun ò fẹ́ ẹlòmíì. Ẹ̀yin náà sì mọ bí a ṣe ń ṣe é: bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ẹbí ọkọ á tọrọ gáfárà, wọ́n á bọ́ sí igun kan, wọ́n á forí korí. Ẹbí ìyàwó náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni òótọ́ ti ń jáde. Látúndé ní inú ilé tuntun òun ni wọn yóò ti ṣe é, kì í ṣe agboolé. Òun á jókòó sẹ́bàá ògiri níhìn-ín, òun á fi àwọn àna sẹ́bàá ògiri lọ́hùn-ún, òun á máa gbọ́ wọn bí ẹni ń gbọ́ rédíò.

Ọlọ́gbọ́n ọkùnrin. Kò kàn rò ó pé rédíò náà lè máa gbọ́ òun.

Ọjọ́ pé. Bàbá Ajíṣafẹ́, àbúrò bàbá Ṣọjí, ló ṣáájú wọn, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olóbì. Látúndé fi wọ́n sẹ́bàá ògiri lọ́hùn-ún, òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́bàá ògiri níhìn-ín. Ṣọjí dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ilé, Mojírádé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Oyèdìran jókòó sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti sùn.

"Ẹ̀yin àna wa," ni Bàbá Ajíṣafẹ́ wí, "òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín tá a fẹ́ já. Ilé yín mà dára o!"

"Ẹ ṣeun, àna wa. Ẹ máa rọra."

Ìyá Olóbì fẹnu kan etí àbúrò rẹ̀: "Ṣé abẹ́ agọ̀ ni wọ́n dé wa mọ́ bí adìyẹ yìí?"

Ẹ̀rín gan mọ́ Látúndé lẹ́nu. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́: "Wo obìnrin tó wé gèlè bí òṣùká aláàárù yẹn."

Lọ́hùn-ún, Ìyá Olóbì fọwọ́ kan gèlè rẹ̀.

"Ẹ̀yin àna wa, ẹ mu omi o!" ni Látúndé pariwo, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"A dúpẹ́ o, ọlọ́lá wa!" ni Ìyá Olóbì dáhùn, ó tún kúnlẹ̀ díẹ̀. Ló bá jókòó, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́: "Ikùn rẹ̀ ló wọ̀n kó tó kọ́lé. Ṣé ẹ ò rí i pé wọ́n jọra?"

Látúndé fa ikùn sínú. "Sọ fún wọn," ló wí fún ìyàwó rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "pé iṣu tí wọ́n gbé wá, ọmọ ìka ló jọ."

"Ọmọ ìka?" Bàbá Ajíṣafẹ́ ò sọ ọ́ kẹ́lẹ́ mọ́. Ó dìde fùú. "Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ti ọ̀run yọjú wo ìkòkò ọbẹ̀ ló ń fojú di iṣu wa? A ò fẹ́ mọ́! Ẹ gbé iṣu, ká máa lọ!"

"Ẹ gbé e tọmọ-ìka-tọmọ-ìka!" ni Látúndé dáhùn.

Mojírádé láàárín, tí kò gbọ́ ju ìkíni lọ, fò sókè. "Ẹ̀yin bàbá, kí ló dé? Ṣebí ẹ̀ ń kí ara yín ni!" Ó di apá Ṣọjí mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ṣọjí tó ṣì dọ̀bálẹ̀ ò mọ̀ bóyá kóun dìde tàbí kóun sùn síbẹ̀. Látúndé wo ọmọ rẹ̀. Ṣé òun fúnra òun ló máa tú ìgbéyàwó ọmọ òun ká báyìí?

"Ẹ jọ̀ọ́, àna wa," ló wí, "ẹ jẹ́ ká tún un sọ."

Wọ́n gbà. Tọ̀tún-tòsì forí korí lẹ́bàá ògiri. Kò pẹ́ tí Látúndé tún gbọ́: "Kí oníkùn yẹn kọ́kọ́ bẹ̀ mí ná." Ìjà tún dé, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ariwo yẹn ló jí Bàbá Oyèdìran. Ó fi ọ̀pá lu kọ́bọ́ọ̀dù. "Ó tó! Kí ló ní igun nínú ọgbà yìí?"

Ìyàwó Látúndé ronú títí. "Bàbá, àfi ilé adìyẹ."

Bí gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ wọ inú ilé adìyẹ nìyẹn, tàgbádá-tàgbádá, tìró-tìró. Àwọn àna gba igun kan, Látúndé àti ìyàwó rẹ̀ gba igun kejì. Níbẹ̀, Látúndé sọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ nípa gèlè obìnrin yẹn, ó sọ ọ́ dé orí ìyá tó bí i. Ní igun tọ̀hún, Ìyá Olóbì sọ̀rọ̀ ikùn Látúndé títí ẹnu fi ro ó. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀. Ara tu kálukú. Wọ́n jáde sí àárín, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"A fọmọ fún yín o, àna wa àtàtà."

"Ẹ ṣé o, ọlọ́lá wa. Ilé yín mà dára o!"

Ṣọjí tún dọ̀bálẹ̀, lórí ìgbẹ́ adìyẹ. Mojírádé ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìdí ìró nu omijé. Adìyẹ kan fò bà lé fìlà Bàbá Oyèdìran. Bàbá ò lé e. Ó wo àwọn adìyẹ nínú ilé onígun mẹ́rin wọn, ó na ọrùn wo agọ̀ ńlá tí Látúndé ń gbé lọ́hùn-ún, ó mi orí, adìyẹ náà sì bá a mì.

"Látúndé," ló wí, "ẹni tó bá kọ́lé tí kò ní igun, ilé adìyẹ ni yóò ti fọmọ fọ́kọ."