Ẹ̀rọ Ayẹ̀wéwò Ọ̀gá Imú-Ajá

Imú-Ajá ni àwa olùkọ́ ń pe ọ̀gá ilé ìwé wa lẹ́yìn, torí ó ní kò sí iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà báni kọ tí òun ò ní gbóòórùn ẹ̀. Imú-Ajá, a-gbóòórùn-ohun-tí-ò-sí, baba a-fura-sí-gbogbo-ayé! Imú kọ́ jàre. Ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò kan ló wà lórí fóònù ẹ̀. Tó bá wo ìwé, á ní èèyàn ló kọ ọ́ tàbí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá gbà á gbọ́ ju ìyàwó ẹ̀ lọ.

Ọmọ ìyá aránṣọ kan ló wá gba ipò kìíní nínú ìdíje àròkọ. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí tó fi máa jáde ni ẹ̀bùn ẹ̀. Ẹ̀rọ ní kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́. Ọmọ sunkún, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ òmíràn lójú wọn. Èmi tí mo rí i níbi tó ti ń kọ ọ́, tó ń pa á rẹ́, mo jẹ́rìí. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ kì í ṣègbè bíi tèmi. Inú bí mi gan-an, àmọ́ ta ní ń bá ọ̀gá jà?

Nígbà tí àwọn òbí pé sí gbọ̀ngàn, ọ̀gá fi pírójẹ́tọ̀ gbé àròkọ náà láti orí fóònù ẹ̀ sára ògiri kí gbogbo ayé lè rí i. Ẹ̀rọ tún ní kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀gá ń yan bí àkùkọ. Ìyá aránṣọ doríkodò.

Alága àwọn òbí, ìyá àgbà kan tí kì í pariwo, ní kí ọ̀gá fi ẹ̀rọ náà wo ọ̀rọ̀ ìkíni tí òun náà fẹ́ kà lọ́jọ́ náà.

"Ìyẹn? Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, mà."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó gbé e sára ògiri tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀rọ ní èèyàn ló kọ ọ́, kò sí iyèméjì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ìyá àgbà tún jígí ojú wọn ṣe, wọ́n ka ìlà ìsàlẹ̀ tí ọ̀gá ò kà dé rí: "Ọ̀rọ̀ ìkíni tí ẹ ní kí n bá yín kọ nìyí. Ṣé kí n fi òwe kún un, kí wọ́n lè rò pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

Ẹ̀rín bẹ́. Àwọn òbí ń lu ara wọn léjìká.

"Ta ló kọ ọ́, ọ̀gá?"

"Kọ̀ǹpútà ni, mà."

"Ẹ̀rọ yín wá ńkọ́?"

"Ó ṣìnà, mà."

"Ẹ sọ ọ́ sókè," ni ìyá àgbà wí, "kí ọmọ aránṣọ lè gbọ́."