Awọ Bàtà Tó Wọ Ìkòkò Ọbẹ̀

Ẹjọ́ kan wọ àgbàlá Olóyè Lágúnjú ní Ilare lánàá, ẹjọ́ tó yẹ kí tọkọtaya ti parí sí yàrá. Oyèkúnlé ló pe Yéjídé, ìyàwó rẹ̀, lẹ́jọ́. Láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti fẹ̀yìn tì ní ọ́fíìsì yunifásítì ni wọ́n ti ń pè é ní ọ̀lẹ lábẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún gan-an.

"Kí ni ìyàwó rẹ ṣe?" ni Olóyè bi í.

"Ó se bàtà mi jẹ, Bàbá."

Àwọn ìgbìmọ̀ wo ara wọn lójú.

"Irú bàtà wo?"

"Mókásìn ni, bàtà awọ pẹlẹbẹ. Ilé ni mo ti ń fọwọ́ rán an, orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Mo rẹ awọ màlúù sómi kí ó lè rọ̀ kí n tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Èmi àti àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ rí fẹ́ pàdé lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ti sọ fún gbogbo wọn pé bàtà tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni n óò wọ̀ wá. Bí mi ò bá wọ̀ ọ́, wọn óò fi mí ṣẹ̀sín títí n óò fi kú."

Kò sẹ́ni tó ṣàánú rẹ̀.

"Yéjídé, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ bá mi bi í, inú kí ni ó rẹ awọ sí?"

Oyèkúnlé wolẹ̀. "Inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Ìkòkò yẹn nìkan ló ní ìdérí."

"Ṣé ẹ gbọ́? Awọ màlúù, nínú omi, nínú ìkòkò ọbẹ̀ mi, lórí sítóòfù mi. Ní Ìpetumodù tí wọ́n ti bí mi, pọ̀nmọ́ là ń pe ìyẹn. Mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ pé ọkọ mi rántí ra nǹkan ọbẹ̀ wálé. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo da ata sí i. Òun náà jẹ ẹ́, ó tún ní kí n fi kún un."

"Mi ò mọ̀ pé bàtà mi ni mò ń jẹ."

"Kò lè di bàtà náà, Bàbá. Èyí tó kọ́kọ́ rán, ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì."

Ẹ̀rín sọ. Oyèkúnlé yára pe ẹlẹ́rìí rẹ̀, Hakeem, tó háyà yàrá nílé wọn.

"Èmi ò fẹnu kan pọ̀nmọ́ yẹn rárá," ni Hakeem wí. "Ó le bíi táyà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣì ń ro mí."

"O ò fẹnu kàn án, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá ń ro ọ́?"

"Òórùn rẹ̀ lásán ni, Bàbá. Òórùn náà le."

Àṣàbí, aládùúgbò wọn, jẹ́rìí fún Yéjídé. "Irọ́ ni Hakeem ń pa. Ó rọ̀, ó ń yọ́ lẹ́nu ni."

"Eyín iwájú rẹ tó yọ ńkọ́?"

"Ìyẹn ti ń mì tẹ́lẹ̀, Bàbá."

Oyèkúnlé ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Olóyè, awọ náà pọ̀. Kí ó kó ìyókù fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ sísè. N óò wá ọgbọ́n dá sí i."

"Yéjídé, ìyókù dà?"

Yéjídé tẹrí ba. "Ẹ dákun, ẹ má bínú. Èmi ni oúnjẹ ìpàdé ìgbìmọ̀ kàn lọ́jọ́ Ajé. Ìyókù ni mo fi se ọbẹ̀ tí mo gbé wá síbí."

Awóyẹmí, tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Olóyè, fọwọ́ pa ikùn rẹ̀. Olóyè fúnra rẹ̀ ló bu ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ Ajé, tó sì yin ẹni tó sè é. Oyèkúnlé wo ojú wọn, ó mọ̀ pé ẹjọ́ òun ti bàjẹ́.

Olóyè wúkọ́. "Ìgbìmọ̀ yìí kì í jẹ bàtà. Àbí a máa ń jẹ ẹ́?"

"A kì í jẹ ẹ́," ni wọ́n dáhùn pọ̀.

"Pọ̀nmọ́ la jẹ lọ́jọ́ Ajé. Bó bá jẹ́ pọ̀nmọ́ ni, a jẹ́ pé Oyèkúnlé ò ní bàtà kankan, Yéjídé ò sì ba bàtà ẹnikẹ́ni jẹ́. Kí Yéjídé máa lọ sílé rẹ̀ ní àlàáfíà."

"Sátidé ńkọ́, Bàbá? Kí ni n óò sọ fún wọn?"

"Sọ fún wọn pé o ti ríṣẹ́. Láti òní lọ, ìwọ ni Arẹpọ̀nmọ́ ìgbìmọ̀ yìí."

Ẹ̀rín tún sọ. Oyèkúnlé dọ̀bálẹ̀, ó fi tipátipá dúpẹ́ oyè. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Olóyè tó pè é padà.

"Oyèkúnlé, jẹ́ kí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ́ lómi díẹ̀ sí i. Ti ọjọ́ Ajé yẹn le."