Gìtá Tí Etí Rẹ̀ Kan Di

Lánàá, ẹjọ́ kan wọ ààfin tó jẹ́ pé èmi akọ̀wé tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kí n rí ìwé mọ́. Onígìtá ló pe aránṣọ lẹ́jọ́. Ó há gìtá oníná kan mọ́ abíyá, ó gbé sípíkà dání, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí! Lọ́la, lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, máníjà hòtẹ́ẹ̀lì fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe ń ta gìtá. Bó bá dùn mọ́ ọn, mo ríṣẹ́ nìyẹn. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo ti wà nílé, tí ìyá ìyàwó mi ń bi mí lójoojúmọ́ pé ṣé mo ti jí."

"Kí ni aránṣọ wá ṣe fún ọ?"

"Òun ló ta gìtá àlòkù yìí fún mi, Kábíyèsí. Irin pẹlẹbẹ méjì tó wà lábẹ́ okùn yìí, píkọ́ọ̀pù là ń pè é. Etí gìtá ni. Òun ló ń gbọ́ ohun tí okùn ń sọ, tó ń ròyìn fún sípíkà. Ọ̀kan ń gbọ́. Èkejì di!"

"Ta á ká gbọ́."

Ó ta okùn. Etí kìíní han gooro, ìjòyè kan tó ti ń tòògbé fò dìde. Ó yí bọ́tìnì sí etí kejì. Yín-ín, bí ẹ̀fọn.

"Mo pààrọ̀ okùn. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo tiẹ̀ pààrọ̀ àga tí mo fi ń jókòó. Kò gbọ́!"

Kábíyèsí kọjú sí aránṣọ. "Ìwọ ńkọ́?"

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Gìtá yìí ò ní àrùn kankan. Ìtìjú ló ń ṣe é. Kò tíì mọ ará ilé tó dé."

"Oṣù mélòó ló ti lò lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Mẹ́rin péré."

"Oṣù mẹ́rin, ó ṣì ń tijú?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ńkọ́, Kábíyèsí? Ọdún méje rèé, kò tíì kí mi."

Wọ́n pe oníṣẹ́ rédíò tí onígìtá gbé gìtá náà lọ fún. Ó mú súkúdíráfà rẹ̀ dání wọlé.

"Wáyà inú ẹ̀ ló já," ó ní.

"Ṣé o rí i?"

"Rárá o. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wáyà pé pérépéré."

"Kí ló dé tó o wá ní ó já?"

"Kábíyèsí, ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. Bí mo bá ní mi ò mọ̀, wọn kì í padà wá. Àmọ́ ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu."

Ó na súkúdíráfà sí etí kìíní. Kó! Ó gbá a mú. Ó nà án sí èkejì, súkúdíráfà já bọ́ sórí ẹsẹ̀ ìjòyè tó ń tòògbé.

"Òòfà ló yẹ kó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, irin tó ń fa irin," oníṣẹ́ rédíò ní. "Láìsí i, okùn lè pariwo títí, etí ò ní gbọ́. Òòfà eléyìí ti lọ."

"Lọ síbo?"

Aránṣọ ń wo àjà.

Ni ìyàwó aránṣọ bá fò síta, ó fẹ́ gbèjà ọkọ. "Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn! Ọkọ mi ò fọwọ́ kan gìtá yẹn rí."

"Rárá rárá?"

"Rárá o! Àfi tó bá ń fi gbálẹ̀."

Kábíyèsí na ọrùn síwájú lórí ìtẹ́.

"Ó ń fi gìtá gbálẹ̀?"

"Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nìkan ni, Kábíyèsí. Bí abẹ́rẹ́ bá dà sílẹ̀, á da ojú gìtá dé, á wọ́ ọ káàkiri, gbogbo abẹ́rẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn. Èmi ni mo ní ó wúwo jù, ẹ̀yìn ń dùn ún, kó kúkú yọ ohun tó ń fa abẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ ẹ̀yìn gìtá, ó yọ ọ́, ó lẹ aṣọ bò ó. Ẹ ò rí i pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀?"

"Ìyá àwọn ọmọ mi," aránṣọ ní, "jọ̀ọ́, jókòó."

Onígìtá yí gìtá padà, ó fa aṣọ aláràbarà kan ya lẹ́yìn rẹ̀. Ihò gbàgàdà! "O sọ fún mi pé oge ni!"

"Ṣé kò wá rẹwà ni?"

"Aránṣọ!" Kábíyèsí jágbe.

"Kábíyèsí, gìtá ló ní òun fẹ́ rà. Ṣé ó béèrè òòfà? Àwọn ìbejì mi ń rákò ní ṣọ́ọ̀bù. Látìgbà tí òòfà yìí ti wà lọ́wọ́ mi, abẹ́rẹ́ ò gún wọn mọ́."

Ó yọ ọ́ lápò. Abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá àti kọ́kọ́rọ́ ilé ló so mọ́ ọn.

"Mo lè lẹ̀ ẹ́ padà," oníṣẹ́ rédíò ní, "àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta ni gúlù máa fi gbẹ."

Onígìtá bú sẹ́kún. "Ọ̀la ni o! Ọ̀la ni máníjà ń bọ̀!" Ká sòótọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo pa ìwé dé.

Kábíyèsí wo aránṣọ látòkè délẹ̀. "Ìka rẹ ni gúlù. Lọ́la, wàá bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn onígìtá, wàá ki ọwọ́ bọ ihò tó o gbẹ́, wàá fi òòfà ti etí yẹn títí orin á fi parí. Bó bá jó sọ́tùn-ún, kó o jó sọ́tùn-ún. Bó bá fò, kó o fò. Tí mo bá gbọ́ pé gìtá yẹn kùn bí ẹ̀fọn, ìwọ ni màá gbá. Abẹ́rẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ni kó o máa fi ṣà á."

Lónìí, mo lọ hòtẹ́ẹ̀lì fúnra mi. Gìtá han, etí méjèèjì. Inú onígìtá dùn, ó fò lẹ́ẹ̀mẹta. Aránṣọ tó lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀ náà fò lẹ́ẹ̀mẹta. Máníjà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun gba onígìtá síṣẹ́, gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí ẹni ẹ̀yìn yẹn bá ṣáà ti ń bá a wá.

Aránṣọ bú sí igbe níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí. "Ẹ bá mi pe oníṣẹ́ rédíò! Kó gbé gúlù wá!"

"Gúlù wo?" onígìtá ní. "Èmi ti ní gúlù tèmi."